Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Nínú Àwòrán

Òórùn ìrésà tí wọ́n fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ ni obìnrin náà ń gbọ́ nígbà tí Oníbébà kọ́kọ́ rí i. Ó dúró níwájú káńtà, ó gbé ìrésà pupa kan sí imú bí ẹni tó ń yẹ ọṣẹ wò, ó tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì, ó sì mi orí. Ó mú bébà kékeré kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó fi pẹ́ńsùlù kùn ún dúdú, ó wá fi ìrésà náà pa á. Oòrùn àárọ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó tàn sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, Oníbébà sì gbàgbé iye tó yẹ kó fún oníbàárà tó wà níwájú rẹ̀ ní ṣéńjì.

Bébà, gègé àti ìwé àkọsílẹ̀ ló ń tà, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Oníbébà. Ọdún mẹ́fà ló ti wà nídìí káńtà yẹn. Kò tíì rí ẹni tó ń yan ìrésà bí ẹni ń yan ọkọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sisí," ó ní, "ṣé ẹ máa rà á ni, àbí ẹ fẹ́ fi bébà yín dán gbogbo ọjà mi wò tán?"

"Tí mo bá rí èyí tó dáa, mo máa rà á." Obìnrin náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Èyí pupa yìí ní iyanrìn nínú, bébà ló máa họ. Èyí funfun yìí ń pa nǹkan rẹ́ dáadáa, àmọ́ ó ti mú jù fún ojú èèyàn."

"Ojú èèyàn kẹ̀?"

"Ojú èèyàn ni mo máa ń yà. Wọ́n á gbé fọ́tò tó ti ń ṣá wá bá mi, èmi á fi pẹ́ńsùlù yà á kó tóbi." Ó wá gbójú sókè wàyí. "Èyí tó rọ̀ ni mò ń wá, aláwọ̀ eérú, tí wọ́n máa ń fọwọ́ pò bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ẹ ò tà á?"

"Mi ò tà á," ni Oníbébà dáhùn. "Àmọ́ tí ẹ bá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ti máa tà á."

Obìnrin náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ayàwòrán, rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù. Ẹnu yín dùn ju ọjà yín lọ."

Ọ̀sẹ̀ pé, ó padà wá, ìrésà rírọ̀ sì ti dé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún wá. Ìrésà bẹ́ẹ̀ kì í tán láàárín oṣù mẹ́ta, Oníbébà sì mọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Kò sọ ọ́. Ohun tó dùn lẹ́nu ẹni, a kì í yára gbé e mì. Kí oṣù náà tó parí, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, Oníbébà sì ti ń lọ jókòó sí yàrá iṣẹ́ Ayàwòrán lọ́sàn-án Sátidé.

"Má fọwọ́ gbọn ẹ̀rún ìrésà yẹn nù," Ayàwòrán á ní. "Òógùn ọwọ́ rẹ á bà á jẹ́. Ìyẹ́ wà níbẹ̀ yẹn, òun ni kí o fi gbọ̀n ọ́n."

"Ọwọ́ mi ò ní òógùn."

"Ọwọ́ tó tutù rinrin bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Ìwọ lo ń jẹ́ kó làágùn, adúmáadán mi."

Ilé kan náà ni Ayàwòrán àti bàbá rẹ̀ ń gbé. Bàbá Rúlà ni wọ́n ń pè é, nítorí ogójì ọdún ló fi ń fi rúlà ya pláànì ilé fún àwọn kọ́lékọ́lé. Ojú rẹ̀ ti wá ṣú. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló kù tó ń rí. Ìyá Ayàwòrán kú nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan. Àwòrán pẹ́ńsùlù kan ṣoṣo ló wà lára ògiri pálọ̀, èyí tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ yà lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra. Ibẹ̀ nìkan ni ọmọ ti mọ ojú ìyá rẹ̀.

Bàbá kò fẹ́ kí Oníbébà fẹ́ ọmọ òun. Kò bá a jà, kò bú u. Ó kàn ní:

"Ọmọ mi, ọlọ́jà ni ọ́. Tí nǹkan bá bà jẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà, á nawọ́ sórí pẹpẹ, á mú òmíràn. Èyí tí o wá ń wò yìí, mi ò ní òmíràn."

"Mo gbọ́, sà," ni Oníbébà wí.

"O gbọ́. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí o máa ka ìwé ìròyìn fún mi. Mo fẹ́ máa gbóhùn rẹ ná."

Oṣù mẹ́rin ló fi ka ìwé ìròyìn. Bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní Sátidé kan, gíláàsì tó bo àwòrán náà ti sán. Ayàwòrán yọ ọ́ kúrò, ó tẹ́ àwòrán sórí tábìlì pálọ̀, ó sì jáde lọ gé gíláàsì tuntun. Bàbá wà ní yàrá, ó ń wọṣọ. Oníbébà dá wà pẹ̀lú àwòrán, ó sì rí i pé àtàǹpàkò ẹnìkan ti tẹ àmì kékeré aláwọ̀ eérú kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà.

Ó fẹ́ ṣoore. Ìrésà kan wà nínú àpò rẹ̀, èyí tó rẹwà jù nínú ṣọ́ọ̀bù, tó wà nínú bébà aláwọ̀ wúrà. Ojú fèrèsé ló ti wà lórí àtẹ látọdún mẹ́ta kó tó mú un wá, oòrùn sì ti jẹ ẹ́ títí tí ara rẹ̀ fi le tó ń dán. Ìrésà tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ kì í pa nǹkan rẹ́ mọ́, ńṣe ló máa ń fa dúdú kiri. Kò kọ́kọ́ gbo ó sára bébà tí kò wúlò kó tó lò ó. Ó gbé e lé àwòrán, ó fà á.

Ìlà dúdú kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ àmì náà, ó gba ojú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, ó dé abẹ́ etí. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún burú.

"Ta ló wà níbẹ̀?" Bàbá ń bọ̀, ó ń fọwọ́ tọ ògiri.

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí lò ń ṣe?"

Bàbá kò lè rí i. Gbogbo ilé ló sì mọ̀ pé tí Bàbá bá ti ráyè, ó máa ń fọwọ́ wá ojú ìyàwó rẹ̀ lórí gíláàsì àwòrán náà. Gíláàsì ò sí níbẹ̀ mọ́. Tí Oníbébà bá dákẹ́, ọwọ́ Bàbá ni wọ́n máa sọ pé ó ṣe é, Bàbá pàápàá á sì gbà bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa kú.

"Mo ti ba àwòrán jẹ́, Bàbá," ó ní. "Mo fẹ́ pa àmì kan rẹ́, mo fi ìrésà tó ti gbẹ pa á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó yín ti dúdú. Kì í ṣe ẹlòmíì, èmi ni."

Bàbá wá àga, ó jókòó.

"Máa lọ sílé," ó ní.

Ọjọ́ mẹ́rin, ẹnikẹ́ni kò wá láti ilé Ayàwòrán. Oníbébà ń ta ọjà bí ẹni tó ń lá àlá. Ní ọjọ́ karùn-ún, Ayàwòrán wọlé, ojú rẹ̀ wú.

"Kí lo fi pa á?"

Oníbébà gbé ìrésà náà sórí káńtà. Ayàwòrán fi èékánná kàn án, ó dún bí òkúta.

"Ìwọ tó ń ta ìrésà."

"Mo mọ̀. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi gbèjà ara mi."

"Ìbínú ni mo bá wá, bí mo sì ṣe ń rìn bọ̀ ló ń tán." Ó mí kanlẹ̀. "Bébà ò họ, o tètè dúró. Mo lè gbìyànjú ẹ̀. Àmọ́ mi ò mọ ojú ìyá mi. Bàbá ló mọ̀ ọ́n, Bàbá ò ríran. Ó ní kí n wá pè ọ́."

Nígbà tí wọ́n délé Bàbá, wọ́n gbé tábìlì sí ẹ̀bá fèrèsé. Ayàwòrán po ìrésà rírọ̀ náà títí ó fi gbóná, ó ṣe é ṣóńṣó lẹ́nu. Kò fà á rárá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e. Ìgbàkúùgbà tó bá gbé e, dúdú díẹ̀ á bá a lọ, á ká a sínú, á tún po ibi tó mọ́ jáde.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ga ju bí mo ṣe yà á lọ," Bàbá sọ láti orí àga rẹ̀. "Nígbà yẹn, bí ẹni ń ya ògiri ilé ni mo ṣe ya ojú. Ọjọ́ tí mo parí rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò tọ̀nà. Nígbà tó wá kú, ẹ̀rù bà mí láti fọwọ́ kan àwòrán náà mọ́. Fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i lókè. Ní ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ó ní ibi tó máa ń jìn tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín."

Ayàwòrán tẹ ìrésà, ó gbé e, ó fi pẹ́ńsùlù ṣe òjìji kékeré sábẹ́ ibẹ̀. Ó dúró. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, níbi tó máa ń jìn.

"Bàbá," ó ní, "bí tèmi ló rí."

"Oníbébà," Bàbá pè. "Sọ ohun tí o rí fún mi. Ọmọ mi á fẹ́ tù mí nínú."

Oníbébà tẹ̀ síwájú. "Ìyá àti ọmọ jọ ara wọn, Bàbá, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín pa pọ̀. Àmọ́ ibì kan ṣì dúdú lábẹ́ etí. Ibi tí mo ti fà á lẹ́ẹ̀kejì ni. Mi ò rò pé ó máa kúrò mọ́."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ nílé náà.

"Ó dáa kó wà níbẹ̀," ó ní. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù láti oṣù mẹ́rin ni pé, tí mi ò bá sí mọ́, ta ló máa sọ òótọ́ fún ọmọ yìí, kódà tó bá máa dun onítọ̀hún fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ti lọ. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣègbéyàwó?"

"Bàbá, kò tíì bi mí léèrè o," ni Ayàwòrán wí.

"Kó bi ọ́ léèrè nígbà náà. Mi ò ríran, màá sì di etí." Ó di etí rẹ̀ méjèèjì lóòótọ́.

Oníbébà yíjú sí Ayàwòrán. "Ṣé wàá fẹ́ mi?" ló béèrè.

"Màá fẹ́ ọ, olólùfẹ́ mi. Tí o ò bá ní gbé ìrésà yẹn padà sójú fèrèsé mọ́."

"Ṣé ó ti dá a lóhùn?" Bàbá béèrè. "Apá ti ń ro mí."

"Ó ti dá mi lóhùn, Bàbá," ni Oníbébà wí, ó sì lọ bá Bàbá sọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ kúrò létí jẹ́ẹ́jẹ́.