Ilé Tí Kò Bo Òkè

Ọkùnrin kan nà gbalaja sínú koríko létí odò, ó di ojú kan. Obìnrin ayàwòrán-ilé kan rò pé ó ti dákú. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

"Kí ló ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe mí. Òpó yín ni mò ń wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó."

Ó bẹ̀rẹ̀. Òun ló ri àwọn òpó náà mọ́ orí òkè, tó ta okùn mọ́ wọn, kí ará àfonífojì lè rí ibi tí òrùlé ilé tuntun máa ga dé. Ojú títì ló dúró sí nígbà tó ń wọ̀n ọ́n. Láti ìsàlẹ̀ níbí, níbi tí àwọn èèyàn ń gbé, òrùlé náà máa bo gbogbo òkè.

"Mo ṣàṣìṣe," ó wí.

"Ẹ ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ mọ eré é sá."

Ìjọba fi òfin dáàbò bo àfonífojì náà, ọkùnrin yìí sì ni aṣọ́gbó ibẹ̀. Láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó lè kọ́lé. Wọ́n jọ ń rìn ín wò, obìnrin náà ń tún àwòrán yà: ilé pẹlẹbẹ tí ẹ̀yìn wọn wọnú òkè. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń fẹ́ra sọ́nà.

Bàbá obìnrin náà, kọngílá tó ni ilẹ̀ náà, ti àwòrán sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ní kí o yà. Sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ kó fọwọ́ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èmi náà á fọwọ́ sí ìgbéyàwó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó jíṣẹ́ náà. Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mi ò ní fọwọ́ sí i, olólùfẹ́."

"Bí o bá fọwọ́ sí i, mi ò ní fẹ́ ọ mọ́."

Kí àwọn èèyàn má baà sọ pé ojúsàájú ni, aṣọ́gbó náà bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó fi ẹlòmíràn rọ́pò òun lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni yẹn le jù ú lọ. Ó kọ̀ láti fọwọ́ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé pẹlẹbẹ ló fọwọ́ sí. Bàbá fi ìbínú kọ́ àwọn ilé náà.

Lọ́jọ́ tí ilé àkọ́kọ́ parí, oòrùn mú gan-an. Bàbá wọlé láti wá àléébù. Inú ilé tutù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, oorun gbé e lọ. Nígbà tó jí, àwọn méjèèjì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló jẹ́ kí n sùn?"

"Ilé ni, Bàbá mi," ọmọ rẹ̀ dáhùn.

Ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Ìwọ lo kọ́kọ́ kọ̀ fún mi."

"Èmi ni, Bàbá."

"O sì mọ̀ pé o lè pàdánù ọmọ mi."

"Mo mọ̀, sà."

Bàbá gbọn eruku kúrò lára. Ó na ọwọ́, kì í ṣe sí ọmọ rẹ̀.

"Fà mí dìde," ó wí, "àna mi."