Táyà Òsì Ọkọ̀ Ọ̀gágun

Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Ọ̀gágun kọ́kọ́ dáhùn, èéfín tó tú jáde nídìí rẹ̀ dúdú débi pé àwọn adìyẹ àdúgbò wọlé lọ sùn lọ́sàn-án gangan. Ilẹ̀ mì. Eyín àtọwọ́dá bàbá tí ògiri ilé rẹ̀ àti ti Ọ̀gágun jọ kángun síra já bọ́ sínú ife tíì. Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ di sítíárì mú bí ẹni di ìwo màlúù mú, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní èéfín ni. Irọ́ ni.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín o. Ọ̀gágun ò ṣe sójà rí, télọ̀ ni. Abẹ́rẹ́ nìkan ni ohun ìjà tó gbé rí láyé ẹ̀. Àmọ́ nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó lọ síbi tí àwọn ológun ti ń ta ọkọ̀ àlòkù wọn ní gbàǹjo. Ó ní òun kàn fẹ́ lọ wòran ni, ó sì fa ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan wálé, pẹ̀lú tírélà kékeré lẹ́yìn rẹ̀. Ìpẹtà ara ọkọ̀ náà pọ̀ ju irin lọ. Ẹyẹ ti bímọ nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ti tọ́ ọmọ ọ̀hún dàgbà, ó sì ti fi í fọ́kọ. Ìyàwó Ọ̀gágun, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, wo ọkọ̀, ó wo ọkọ, ó ní òun ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló gbó jù.

Ọ̀gágun ò fi ọkọ̀ yìí kẹ́rù, kò fi kérò. Ó kàn ń gbádùn àtitún un ṣe ni. Lónìí á ha ìpẹtà, lọ́la á fa gírísì sí i, lọ́túnla á jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á máa rán tapólì orí ọkọ̀ bí ẹni ń rán aṣọ ìyàwó. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n jọ ń ṣe é. Sípánà là ń pè é, torí ó gùn, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kò sì sí nǹkan tí kò lè tú àfi ìṣirò.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, àwọn àgbàlagbà tí wèrè irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe máa ń kó tiwọn lọ pàdé ní pápá ńlá kan lẹ́yìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹsẹ̀ ni Ọ̀gágun fi máa ń lọ, á kàn dúró ti ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Lọ́dún yìí, tiẹ̀ náà máa lọ. Màmá tó ti búra pé òun ò ní gun àkúfọ́ yẹn láyé tún gbà láti jókòó síwájú. Ó ra dígí ojú dúdú sílẹ̀. Ayọ̀ ò jẹ́ kí Ọ̀gágun jẹun mọ́. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan táyà tóun ò bá sí nílé.

Ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ náà pé ni àwọn ọmọ kíláàsì Sípánà méjì yà sílé wọn. Ọ̀gágun ti lọ ra ọ́ìlì. Èkíní ni Fídíò, tí fóònù kì í kúrò lójú rẹ̀. Èkejì ni Bẹ́ẹ̀ni, tí gbogbo ohun tí Fídíò bá sọ máa ń bá lára mu. Wọ́n bi Sípánà pé ṣé mẹkáníìkì ló ń pe ara ẹ̀, àbí alágbàfọ̀ ọkọ̀.

"Tó bá dá ẹ lójú, tú táyà kan ká rí i," Fídíò wí. "Gbogbo kíláàsì ló máa wò ó."

Sípánà rántí òfin. Ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ ẹni, ata ojú ni. Ó mú irinṣẹ́, ó lọ síbi táyà iwájú lápá òsì.

Irú ọkọ̀ yẹn ní ìwà kan. Nọ́ọ̀tì apá ọ̀tún ń tú bí nọ́ọ̀tì gbogbo ayé ṣe ń tú, àmọ́ tapá òsì, òdìkejì ni. Ohun tó ń tú ti ọ̀tún ló ń dì tòsì. Ọ̀gágun ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un, ẹ̀rín ni Sípánà ń rín lọ́jọ́ náà. Bó ṣe wá ń rò pé òun ń tú u, ṣe ló ń dì í. Nígbà tí kò gbọ́, ó ki páìpù gígùn bọ irinṣẹ́ nídìí, Bẹ́ẹ̀ni sì gun páìpù, ó ń fò lórí ẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Gbàù! Bóòtù tí nọ́ọ̀tì náà wé mọ́ ṣẹ́, tòun ti nọ́ọ̀tì. Wọ́n ní ìpẹtà ni, wọ́n bọ́ sórí ìkejì. Ìyẹn náà ṣẹ́.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ti àwọn yìí ò tó ogún ìṣẹ́jú. Fídíò sáré débi pé ọjọ́ kejì ni òjìji rẹ̀ tó bá a nílé, Bẹ́ẹ̀ni sì tẹ̀lé e. Sípánà nìkan ló kù. Ó fi gọ́ọ̀mù bàtà lẹ nọ́ọ̀tì méjèèjì padà, ó fi ọ̀dà kùn ún. Bí aṣọ ni, télọ̀ tó rán an gan-an ò lè rí ojú ìrán rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Àwọn ọmọ àdúgbò kún inú tírélà bí ẹ̀wà inú ìgò. Wọ́n ti Màmá láti ẹ̀yìn kó tó dé ìjókòó iwájú. Ọ̀gágun tan ọkọ̀.

Àṣà iṣẹ́ wọn ni pé kí ọkọ̀ tó gbéra, Sípánà á yí i po, á fọwọ́ kan táyà kọ̀ọ̀kan, á pariwo pé ó pé. Ọ̀gágun kì í yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti tó o.

Sípánà bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó pé. Ó dé ẹ̀yìn. Ó pé. Ó dé táyà iwájú lósì, ẹnu rẹ̀ wúwo ju ọkọ̀ lọ. Ó gbójú sókè, ó rí Màmá pẹ̀lú dígí dúdú, tó ń juwọ́ sáwọn tí ò tiẹ̀ wò ó.

"Bàbá," ó wí, "kò pé."

Ó fi ìka méjì ṣí nọ́ọ̀tì náà bí ìdérí bírò. "Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gágun pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kan níta ní tó bá ṣe ọmọ tòun ni, pàṣán ni ì bá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀gágun ní kó lọ na tiẹ̀ nílé.

"Ṣé o mọ̀ pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni táyà yìí ì bá ti yọ?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Bóòtù ṣeé rà. Ìyàwó ńkọ́?"

"Ẹ ò lówó ẹ̀," Màmá dáhùn látòkè.

Ọ̀gágun fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò so bóòtù. Ìpàdé pápá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́dún náà. Wọ́n gbọ́ ohùn àwọn ọkọ̀ yòókù bí wọ́n ṣe ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ, Ọ̀gágun sì tẹ́tí sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìkẹyìn fi kọjá. Ìyẹn dun Sípánà ju pàṣán lọ. Ní ilé ìwé, Fídíò ti fi ibi tí bóòtù ti ṣẹ́ nínú fóònù rẹ̀ han gbogbo kíláàsì, wọ́n sì fi Sípánà ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú àwọn fúnra wọn.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ò lọ yẹn, wọ́n ní kí Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó kọ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ télọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de iṣẹ́. Ó jókòó síbẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ò lọ síbì kankan, ó ń kí àwọn èrò ọ̀nà bí ayaba. Nísàlẹ̀, Ọ̀gágun gbé ọwọ́ lé ọwọ́ Sípánà lórí irinṣẹ́, wọ́n jọ ń tú àwọn nọ́ọ̀tì tó kù síhà tó yẹ kí wọ́n tú wọn sí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tẹ́ ẹ ń kàwé yìí, kò sí ẹni tí nǹkan ò lè bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Èyí tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró.