Jẹ́jẹ́, Ajá Tó Ń Kó Bàtà Aládùúrà

Bàtà gbogbo ìjọ ló tò bẹẹrẹ níwájú ilé àjèjì kan, ọmọ ajá kan sì nà gbalaja sáàárín wọn bí ẹni tó ń ṣọ́ ìsọ̀. Àrìnkẹ́ dúró, kò lè gbẹ́sẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ní Igbotako, kò rí irú ajá bẹ́ẹ̀ rí. Irun rẹ̀ gùn, ó rọ̀, ó sì ń dán nínú oòrùn bí epo tuntun. Nígbà tó gbójú sókè wo Àrìnkẹ́, ńṣe ló dà bíi pé ó ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀.

Ẹ kúkú mọ̀ pé àwọn Aládùúrà kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń bọ́ ọ sí. Lọ́dún yẹn, ọdún kejì tí ogun abẹ́lé parí, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ bàtà ní Igbotako, nítorí olè kì í wọ ọgbà àdúrà. Olè ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mo ń wí o.

“Jésù!” ni Àrìnkẹ́ ké. “Olè rèé!”

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré jáde láti inú ilé, ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bó ṣe rí àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n ń bọ̀ láìwọ bàtà lẹ́yìn ọmọbìnrin náà, ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ forí jì mí! Kò mọ̀ pé olè lòun ń jà. Bí wọ́n ṣe dá ìran rẹ̀ nìyẹn, ohun tó bá rí ló ń gbé wá fún olówó rẹ̀.”

Àrìnkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà tirẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Itọ́ ló kàn wà lára rẹ̀, kò sí ojú eyín kankan. Ó tún mú ti Màmá Aníwúrà, èyí tí awọ rẹ̀ ti gbó tó fẹ́ ya. Bákan náà ló rí. Orí rẹ̀ wú. Ta ló tíì rí ajá tó gbé awọ sẹ́nu tí kò jẹ ẹ́?

Àwọn ènìyàn ń kó bàtà wọn pẹ̀lú èébú. Bàbá Adéjọbí, alàgbà ìjọ, tó jẹ́ bàbá Àrìnkẹ́, kò bú ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀. Kò sì wo ajá náà rárá. Ó fi ọ̀pá fa bàtà rẹ̀ jáde, ó kọjú sọ́nà ilé.

Àrìnkẹ́ ló kù sẹ́yìn. “Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Jẹ́jẹ́. Oyèkànmí lèmi. Èmi kì í kó bàtà o.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà kó tó rántí pé ó yẹ kí òun máa bínú.

Ọmọ Ìkọ̀yà ni Oyèkànmí, dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ tó ń kó ẹyìn ní oko ọ̀pẹ. Òyìnbó tó ń bójú tó oko náà tẹ́lẹ̀ ló fún un ní ọmọ ajá yìí nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀.

“Ó ní tí irú ajá yìí kò bá tètè mọ ènìyàn ní kékeré, ẹ̀rù ni yóò máa bà á títí ayé,” ni Oyèkànmí wí. “Ó ní kí n mú un rí àgbà, kó rí ọmọdé, kó gbọ́ ariwo ọjà, kó mọ ewúrẹ́, kó mọ adìẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú un yọ sójú títì báyìí, gbogbo ènìyàn á sá wọlé. Ta ni mo fẹ́ mú un mọ̀, sístà?”

“Ẹ mú un mọ̀ mí,” ni Àrìnkẹ́ dáhùn, ẹnu ara rẹ̀ sì yà á.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn tí Àrìnkẹ́ bá ti kúrò ní ẹkù, níbi tí òun àti bàbá rẹ̀ ti ń fọ epo, yóò bá Oyèkànmí mú ajá náà kiri ìlú. Ìgboro gbogbo ló mọ Àrìnkẹ́, ẹni tí kò bá sì fọkàn tán àjèjì á fọkàn tán an. Wọ́n mú Jẹ́jẹ́ lọ sọ́jà, wọ́n mú un lọ síbi tí ọkọ̀ ti ń fun fèrè. Òbúkọ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó sá sábẹ́ yẹ̀rì Àrìnkẹ́. Ó jẹ bẹ́líìtì kan ṣoṣo tí Oyèkànmí ní, ó tọ̀ sórí ẹní, ó sì jẹ púpurú elẹ́ja títí ikùn rẹ̀ fi yọ rogodo.

Wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ Màmá Aníwúrà, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ajá náà jókòó, ó gbé àgbọ̀n lé ìyá arúgbó náà nítan. Ìyá fọwọ́ wá irun náà títí.

“Àgùntàn yín mà rọ̀ o,” ni ó wí.

Oyèkànmí àti Àrìnkẹ́ wo ara wọn, ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ fún ìyá pé ajá ni. Láti ọjọ́ náà lọ, bí Jẹ́jẹ́ bá ti rí àgbàlagbà tó jókòó, yóò lọ gbé àgbọ̀n lé e lórúnkún.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹyin ló jẹ́ kí Àrìnkẹ́ mọ̀ pé Ọlọ́run tóbi. Adìẹ Dora, ọ̀rẹ́ rẹ̀, yé sínú igbó ẹ̀yìnkùlé. Jẹ́jẹ́ wọ inú igbó náà lọ, ó jáde wá, ẹnu rẹ̀ pa mọ́, ó ń rìn bí ìyàwó tuntun. Nígbà tó dé iwájú Àrìnkẹ́, ó la ẹnu, ó sì gbé ẹyin kan sí i lọ́wọ́. Ẹyin náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sán níbì kankan.

Àrìnkẹ́ kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. “Halelúyà! Ẹnu tí Ọlọ́run kó eyín sí báyìí, ta ló kọ́ ọ láàánú?”

“Èmi náà ò mọ̀,” ni Oyèkànmí wí. “Mo kàn máa ń wò ó tìyanutìyanu ni. Bí mo ṣe máa ń wò yín náà nìyẹn.”

“Ẹ má fi mí wé ajá o, bọ̀dá Oyè.”

“Èèwọ̀! Ajá gbọ́ràn jù yín lọ.”

Àrìnkẹ́ gbá a léjìká. Ọkùnrin náà di ọwọ́ ọ̀hún mú, kò jù ú sílẹ̀. “Àrìnkẹ́ mi, ṣé ẹ ó fẹ́ mi?” Ọmọbìnrin náà wo ẹyin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, ó mi orí pé òun gbà, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Àwọn ará Ìkọ̀yà wá tọrọ ọmọ. Bàbá Adéjọbí gbà wọ́n tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó fún wọn lómi mu. Nígbà tí wọ́n dá orúkọ ọmọkùnrin náà, ojú rẹ̀ yí padà.

“Ọmọlúwàbí ni ọmọ yín, mi ò ṣàìmọ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé Ògún ni Olúwa ti yọ mí jáde, ajá ni wọ́n ń fi bọ Ògún nílé wa. Ajá ò tún ní wọ ẹbí mi mọ́. Kó mú ọ̀kan: ajá rẹ̀ tàbí ọmọ mi.”

Ọkàn Oyèkànmí pín sí méjì. Níkẹyìn, ó gbé Jẹ́jẹ́ sínú ọkọ̀, ó wà á lọ sí Ìlútítun, ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Benedict ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó padà wá bá Àrìnkẹ́ tayọ̀tayọ̀.

“Ọ̀nà ti là, olólùfẹ́ mi! Ajá ti lọ.”

Ara Àrìnkẹ́ tutù. “Kí ló ṣe nígbà tí ẹ ń lọ?”

“Mo ní kó jókòó, ó jókòó. Ó ń wo ọkọ̀ títí mo fi ṣẹ́ kọ́nà.”

“Ó ṣì jókòó síbẹ̀ tó ń retí yín.” Àrìnkẹ́ bú sẹ́kún. “Bọ̀dá Oyè, mo nífẹ̀ẹ́ yín, Ọlọ́run mọ̀. Àmọ́ ẹ ti ju ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé yín nù nítorí tèmi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ ju èmi náà nù ńkọ́? Ẹ máa lọ o.”

Àrìnkẹ́ ò lè jẹun. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ló fi ń fọ epo bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tipátipá, bàbá rẹ̀ sì ń wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń bu epo lójú ẹkù, bàbá jókòó sórí ìtì igi, ni wọ́n rí Oyèkànmí lọ́ọ̀ọ́kán. Jẹ́jẹ́ ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ajá náà ti rù kan egungun, nítorí kò jẹun lọ́dọ̀ Benedict. Oyèkànmí dọ̀bálẹ̀ sínú èérí ẹyìn.

“Bàbá, mo ti padà lọ mú un. Ẹ má bínú. Mi ò lè fi í sílẹ̀, mi ò sì lè fẹ́ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Àrìnkẹ́. Màá dúró. Bó bá di pé mo hu ewú, màá ṣì máa dúró.”

Bàbá gbé ọ̀pá sókè. Àrìnkẹ́ fi igbá sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ kò sá. Ó rọra rìn lọ sábẹ́ ọ̀pá náà, ó jókòó, ó sì gbé àgbọ̀n lé bàbá lórúnkún.

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ bàbá, ó ṣubú sílẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, omijé ń ṣàn sínú irùngbọ̀n rẹ̀, ẹ̀rù sì ba Àrìnkẹ́, nítorí kò rí i kí bàbá rẹ̀ sunkún rí, kódà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.

“Tanímọ̀la lorúkọ ajá tèmi,” ni bàbá wí. “Ọmọdé ni mí nígbà náà. Èmi ni mo tọ́ ọ, ẹni tí ó mọ̀ kò ju èmi lọ. Nígbà tí ọdún Ògún dé, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn so okùn mọ́ òun lọ́rùn, ni wọ́n bá ní kí n mú un wá. Mo pè é, ó sì tẹ̀ lé mi. Ìrù ló ń jù bọ̀, ó rò pé eré la fẹ́ lọ ṣe. Mo fà á lé wọn lọ́wọ́, mo yíjú sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè wo ojú ajá.”

Ó gbé ọwọ́ lé Jẹ́jẹ́ lórí.

“Dìde, ọmọ mi,” ló sọ fún Oyèkànmí. “Ìwọ padà lọ mú tìẹ. Èmi ò padà. Sọ fún àwọn ènìyàn rẹ kí wọ́n tún wá.”

Àrìnkẹ́ fi ọwọ́ elépo di ọwọ́ Oyèkànmí mú gírígírí lójú bàbá rẹ̀, ohun tí ọmọbìnrin kan kì í ṣe ní Igbotako nígbà yẹn. Bàbá rí wọn. Ó ń fọwọ́ pa ajá náà lórí.