Báàjì Tí Wọ́n Fi Òdòdó Dá Lọ́lá

Poongodi ò lè mu tíì rẹ̀ tán nígbà tí lẹ́tà kan dé. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìlú Madurai, ní ilẹ̀ Íńdíà, ló ti ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán egungun aláìsàn. Lẹ́tà náà sọ pé báàjì àyà rẹ̀, èyí tó ń ka iye ìtànṣán tó bá kan òṣìṣẹ́, ti gba ìtànṣán ẹ̀rọ kọjá ààlà. Oyún oṣù mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀.

"Ọmọ mi ńkọ́?" Ó gbé ife tíì kalẹ̀.

"Fọkàn balẹ̀, àbúrò," ni Sevvel, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, sọ. "Ṣé o tiẹ̀ ń wọ báàjì yẹn?"

"Lójoojúmọ́! Bí ẹ̀gbà ọrùn ìgbéyàwó mi ni."

Lọ́jọ́ kejì, Màdáámù Vasuki tó ń rí sí ààbò ìtànṣán dé. Ó ṣí àpò báàjì náà, lẹ́búlẹ́bú pupa dà sí i lọ́wọ́.

"Kí nìyí?"

"Ti ọjọ́ ọdún tí a máa ń bọ irinṣẹ́ wa ni, mà," ni Poongodi dáhùn.

"Ẹ bọ báàjì?"

"Ṣebí irinṣẹ́ lòun náà. Mo fi òdòdó sí i, mo gbé e kọ́ ẹnu ẹ̀rọ, mo sì lọ sílé lọ ṣọdún."

"Ta ló wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀?"

Sevvel wúkọ́. "Èmi ni, mà. Àmọ́ mo ti kọ́kọ́ ya àwòrán aláìsàn mẹ́tàdínlógún nígbà tó ṣì wà níbẹ̀. Òdòdó yẹn rẹwà, mi ò lè já a."

Vasuki bú sẹ́rìn-ín. "Òkúta funfun wẹ́wẹ́ ló wà nínú báàjì. Wọ́n bu èròjà mìíràn díẹ̀ sí i, bí ìgbà tí a bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó lè fi ìtànṣán pamọ́. Tí a bá fi iná mú un gbóná, á tàn. Bó bá ṣe gbà tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa tàn tó. Kì í purọ́, àmọ́ kò mọ ẹni tó ni ín. Ibi tó bá wà ló ń jẹ́rìí sí. Síbẹ̀, Poongodi, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, kó dá wa lójú."

Èsì ẹ̀jẹ̀ dé: kò sí nǹkan kan. Inú Poongodi dùn débi pé ó sunkún. Ló bá kọjú sí Sevvel:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè já òdòdó, àyà mi lẹ wá já!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìtànṣán, ẹ máa wọ báàjì yín lẹ́nu iṣẹ́. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni lò. Ẹni tó bá lóyún, kó tètè sọ fún ọ̀gá. Ẹ bọ ẹ̀rọ bó bá wù yín, ṣùgbọ́n àyà yín ni ojúbọ báàjì.