Dígí Inú Tọ́ílẹ́ẹ̀tì Àlejò

Wúrà tí ìyá Salimat fi sílẹ̀ fún un kó tó kú kò sí nínú àpótí mọ́. Salimat, tí wọ́n mọ̀ sí Ìyá Abdulhameed ní Jákàńdè Estate, Ìsọlọ̀, da àpótí náà dojú bolẹ̀ sórí ibùsùn, kò sí ohun kan tó jábọ́. Ó sáré lọ yẹ ilẹ̀kùn wò: wọn kò já a. Irin ojú fèrèsé pé pérépéré. Ẹni méjì péré ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà: òun tó ń ta bàtà ọmọdé ní Òṣòdì, àti Ameenat, ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó wà nínú oyún, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí pé Abdulhameed ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi.

"Ta ló wọlé yìí, Ameenat?"

"Kò sẹ́nì kankan, Ìyá. Ọsibítù ni mo lọ. Ilẹ̀kùn wà ní títì nígbà tí mo dé."

"Ṣé iwin ló wá kó o ni?"

Ameenat wá sọ ohun tó ti ń bà á lẹ́rù: bí òun nìkan bá wà nílé lọ́sàn-án, òun máa ń gbọ́ bí ẹni pé nǹkan ń mí nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì àlejò. Salimat pòṣé, ó kúrò níbẹ̀.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà kò fẹ̀ ju kéèyàn na apá méjèèjì kó kan ògiri. Korobá àti ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú a máa ti Salimat bí àlejò bá ní òun fẹ́ tọ̀, ìdí nìyẹn tó fi gba Felix kí wúrà tó sọnù, ẹni tí ará ọjà kan júwe fún un, pé kó wá tún un ṣe. Felix mọṣẹ́. Ó hú táìsì ilẹ̀ àtijọ́, ó lẹ funfun rọ́pò, ó fi pépà aláwọ̀ ewé bo ògiri, ó gbé báṣíìnì ìfọwọ́ kékeré sí igun. Níkẹyìn, ó kọ́ dígí tó ga láti ìbàdí dé òkè àjà mọ́ ògiri ẹ̀yìn. Salimat ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà lòun fẹ́ ẹ sí. Felix kọ̀ jálẹ̀, ó ní ibẹ̀ ló máa mú kí yàrá náà fẹ̀ lójú, àti pé kí ẹnikẹ́ni má tì í, torí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ilẹ̀kùn ni ó máa ń tì mọ́rí ṣiṣẹ́, ó ní nítorí eruku ni. Bí ẹni ń ṣàwàdà ló sì ń béèrè ìgbà tí wọ́n ń jáde àti ìgbà tí wọ́n ń wọlé.

Kò pẹ́ tí wúrà lọ ni lésì Salimat àti kọ̀ǹpútà Abdulhameed tún pòórá. Lọ́tẹ̀ yìí, Salimat kò pa á mọ́ra. Ó kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò, ó sọ fún wọn pé olè ń bẹ nílé òun. Ó ní kí Ameenat palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Abdulhameed kò mọ ẹni tí yóò gbà gbọ́ lórí fóònù. Bí Ameenat bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àwọn obìnrin á panu mọ́.

Lọ́jọ́ tó ń di ẹrù, ó wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà láti fọ̀ ọ́. Òórùn sìgá ló kọ́kọ́ kí i. Afẹ́fẹ́ tútù kan ń ti etí dígí náà jáde. Ó sún mọ́ ọn. Ẹnì kan húkọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn dígí, bí ẹni pé ojúkojú ni wọ́n wà. Ameenat kò pariwo. Ó rọra jáde, ó sì dé àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú bàtà tí kò bára mu lẹ́sẹ̀.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó gbọ́ ẹjọ́ náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tẹjúmọ́lá, kò rẹ́rìn-ín. Ilé méjì ní Apakun ti mú irú ẹjọ́ yìí wá. Àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tọ́ílẹ́ẹ̀tì ṣe.

"Ta ló ń gbé lẹ́yìn ògiri dígí yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó ń gbé fúláàtì tó wà níbẹ̀, mà. Ẹni tó ni ín wà lókè òkun."

Ẹni tó ń bójú tó fúláàtì náà jẹ́wọ́ pé òun ti fi háyà fún ọkùnrin kan láti máa kó ẹrù sí. Bó ṣe júwe rẹ̀, Felix ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí Tẹjúmọ́lá ṣe ní kí wọ́n ṣe, Salimat àti Ameenat ti ilẹ̀kùn gbàgà, wọ́n gba Òṣòdì lọ. Tẹjúmọ́lá àti ọlọ́pàá kan wà lẹ́yìn kọ́tìnnì pálọ̀. Ilé parọ́rọ́. Ó pẹ́ kí nǹkan tó dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Dígí ṣí bí ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ kan jáde láìwọ bàtà, orí tẹ̀ lé e. Felix dúró níbẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó fi táwẹ́lì àlejò nu ojú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí onílé. Bó ṣe yọjú sí pálọ̀, bàtà ọlọ́pàá kejì dún. Felix bẹ́ padà sínú ihò tó ti dá lu sí ògiri ẹ̀yìn dígí, ó fò láti ẹ̀yìn fúláàtì kejì, ó gun ọ̀kadà.

Òṣòdì ló sá sí. Lẹ́bàá ojú irin, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbé àpò ẹrù kan rù bí aláàárù. Tẹjúmọ́lá tó ń lé e kọjá lára rẹ̀, kò dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ìsọ̀ Salimat ló gbà kọjá. Salimat di ìgbànú rẹ̀ mú.

"Felix, níbo lò ń lọ?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, mà, kí n má bàa gún yín."

Irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ ògiri wà lọ́wọ́ rẹ̀. Salimat kò fi í sílẹ̀. Ameenat ké olè. Kíá, èrò pé jọ, òkò wà lọ́wọ́ wọn, ẹnì kan ti ń yí táyà bọ̀. Irin náà bọ́ lọ́wọ́ Felix. Nígbà tí Tẹjúmọ́lá já wọ àárín wọn, Felix ló fúnra rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

Ní àgọ́, ó jẹ́wọ́. Ó ní lẹ́yìn dígí lòun máa ń jókòó títí ilé yóò fi dá. Wúrà wà nínú àpò sìmẹ́ǹtì ní fúláàtì kejì, pẹ̀lú ẹrù àwọn ará Apakun.

"O ti rí wúrà," Tẹjúmọ́lá ní. "Kí lo tún padà wá ṣe?"

Felix wo Salimat.

"Mo gbọ́ tí Ìyá ń pe ìyàwó ọmọ wọn lólè. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa wá mi."

Salimat kò lè gbójú sókè. Wọ́n dé ilé, kò wọlé. Ó di Ameenat lọ́wọ́ mú, ó ń kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà ló ń sọ níbi gbogbo: "Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọmọ mi. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Ní ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn, omijé bọ́ lójú Ameenat. Ó ní, "Ó ti tó, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó, ẹsẹ̀ ń ro mí."