Èéfín Tó Ń Jáde Lára Ọkọ̀ Ìyá Ọmọ Mi

Ẹ lè pè mí ní òpùrọ́ lórí nǹkan mìíràn, n kò ní bá yín jà. Ní ti èyí, ojú mi ló ṣe. N kì í mu ọtí. N kò sùn nígbà tó ṣẹlẹ̀. Mẹkáníìkì tó wà níbẹ̀ ṣì wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sétí mọ́. Ìrọ̀lẹ́ àná sì ni èyí tó gbẹ̀yìn ṣẹlẹ̀.

Ti ìyàwó mi ni ọkọ̀ náà. Ó ti gbó. Dísẹ́lì ló ń mu, ó sì ní túbò, ẹ̀rọ kékeré kan tó ká bí ìgbín, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára. Túbò kò fẹ́ ìkánjú. Tí èèyàn bá sáré dé, kò gbọdọ̀ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Á jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lórí ìdúró títí ara túbò yóò fi tutù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ́ìlì á jóná mọ́ ọn nínú.

Mẹkáníìkì ló kọ́ ìyàwó mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kì í wo aago. Orin ló fi ń wọ̀n ọ́n. Tó bá ti dé iwájú ilé, á jókòó sínú ọkọ̀, á kọ orin kan tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ, ẹsẹ kan péré:

Rọra rìn, ọ̀nà jìn,
ilé là ń lọ.
Rọra rìn, oòrùn ń wọ̀,
a ti délé.

Tó bá ti kan "a ti délé", á pa ọkọ̀. Màá gbọ́ ilẹ̀kùn. Màá gbé omi tíì kaná. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí a ti ra ọkọ̀ náà.

Mo bi í nígbà kan bóyá orin náà ní ẹsẹ kejì.

"Ó ní in."

"Kí ló dé tí o kì í kọ ọ́?"

"Ẹni tó délé kì í kọ ọ́," ó ní. Ó sì lọ bọ́ bàtà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ "a ti délé". Mo gbọ́ tí ọkọ̀ kú. Mo gbé omi kaná. N kò gbọ́ ilẹ̀kùn. Omi hó. Nígbà tí mo jáde, ó ti dorí kodò lórí ìdarí ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dúró.

Ìyàwó mi ti sọ tipẹ́ pé ọmọ wa obìnrin ni òun máa fún ní ọkọ̀ náà. Ọmọ ríṣẹ́ sí ìlú kan tó jìn. Ọ̀nà ibẹ̀ ń gun òkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ sí ọ̀gbun, òun nìkan ni yóò sì máa wa ọkọ̀ gba ibẹ̀. Òun nìkan ni a bí. Òun nìkan ló kù mí kù.

Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín lẹ́yìn ìsìnkú, mo ní kò ní gbé e kúrò nílẹ̀ àfi tí a bá mọ ibi tí èéfín ti ń wá.

"Bàbá mi, ọkọ̀ tó gbó ni. Kí ló fẹ́ rú bí kò ṣe èéfín?"

"Kò rú u nígbà tí ìyá rẹ ń wà á."

"Iṣẹ́ ò ní dúró dè mí o."

"Èmi náà ò fẹ́ sin èèyàn mìíràn."

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

Elétíọfẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pe mẹkáníìkì wa. Ó ní ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Á fi ẹnu ọ̀pá náà kan ẹ́ńjìnnì, á fi etí lé ìdí rẹ̀, á sì sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Ó fẹ́ràn àwàdà.

"Ẹ̀gbọ́n, èéfín lahọ́n ọkọ̀," ó ní. "Tó bá funfun, omi ló wọlé sí i. Tó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Tó bá dà bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Tiyín ńkọ́?"

"Bí aró."

"Túbò nìyẹn. Àgbà ti dé sí i. Àwa náà, ta ni ìbàdí kì í dùn láàárọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn wà á báyìí. Tí túbò dísẹ́lì bá bàjẹ́ tán, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì ara rẹ̀. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kò ní kú. Á máa sáré títí á fi fọ́."

Ó fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì kò dín. Ó wo omi, omi pé. Ó tú rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti ara túbò wọ ẹ́ńjìnnì, ó ti ìka bọ inú rẹ̀. Ìka jáde ní gbígbẹ.

"Kò yẹ kó gbẹ," ó ní.

Ó mú aṣọ funfun kan, ó nà án sẹ́nu sàlẹ́ńsà, ó ní kí n ṣíná sí ọkọ̀. Èéfín rọ́ jáde, ó nípọn, ó dà bí aró. Tó bá jẹ́ ọ́ìlì ni, aṣọ náà ì bá ti kún fún àbàwọ́n. Ó tẹ́ ẹ sórí ọwọ́. Ó funfun bó ṣe wà. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé e fún mi kí èmi náà gbóòórùn rẹ̀.

Káńfọ̀ ni. Àwọn hóró funfun tí a ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Àpótí aṣọ ìyàwó mi kún fún un. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni mo ti ti àpótí náà pa.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rọ sínú tánkì yìí?"

"Dísẹ́lì."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó pinnu láti tú túbò kúrò kó lè rí inú rẹ̀. Ó yọ wáyà orí bátìrì. Ó gbé túbò lọ sórí tábìlì kan lódì kejì ṣọ́ọ̀bù. Ó di irin àárín rẹ̀ mú, ó mì ín. Kò mì.

"Eegun túbò yìí le ju tèmi lọ," ó ní. "Kò sóhun tó ń ṣe é."

Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́. Àwọn yòókù ti lọ sílé. Páànù orí ṣọ́ọ̀bù ń ta kẹ́kẹ́ bí oòrùn ṣe ń kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà òun náà dákẹ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Èéfín ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Díẹ̀. Á jáde, á dúró. Á jáde, á dúró. Bí ẹni tó ń mí.

Ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Kò lè ṣiṣẹ́.

"Elétíọfẹ́."

"Mo rí i."

Nígbà náà la gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn wa, féè, bí ẹni ń fọn súfèé láàárín eyín. A yíjú. Lórí tábìlì, abẹ̀bẹ̀ inú túbò ń yí. Jẹ́jẹ́. Kò sí ọwọ́ lára rẹ̀. Kò sí afẹ́fẹ́. Àkísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò mira.

Ó yí, ó yí, ó dúró. Èéfín náà dáwọ́ dúró. N kò wo aago, ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ẹnu mi ti ń bá a kọ orin náà láìmọ̀, "a ti délé" ni mo sì kàn nígbà tó dúró.

Elétíọfẹ́ mú ọ̀pá irin rẹ̀. Ó fi kan ẹ́ńjìnnì tó ti kú náà, ó sì fi etí lé e. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu etí rẹ̀.

"Kí lo gbọ́?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ń jẹ́ kó sinmi kí ẹ tó pa á?"

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, n kò dúró rí. N kò lè jókòó síbi tó ti jókòó yẹn.

"Ẹ máa dúró," ó ní. Ó dá túbò padà síbi tó wà. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó parí, ó ní, "Ẹ má gbé e wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo wà á délé. Mo jókòó. Mo kọ orin náà pẹ̀lú ohùn mi tí kò dára. Mo dé "a ti délé", mo pa á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣíná sí i. Kò rú èéfín. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e.

Mo sọ fún ọmọ mi pé a ti rí ibi tó ti ń wá.

"Níbo?"

"Ìkánjú ni. Kọ orin ìyá rẹ kí o tó pa á."

"Orin? Ṣé orin ni wọ́n fi ń tún ọkọ̀ ṣe báyìí?"

"Èyí, orin ni."

"Ẹ̀yin àti ìyá mi, ọ̀kan náà ni yín." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì nu ojú. Ó lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo ń wo ẹnu sàlẹ́ńsà títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà. Ó mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń pè mí lórí fóònù. "Mo ti kọ ọ́, bàbá mi. Mo ti délé." Ìgbà yẹn ni màá tó jókòó.

Ní àná, òjò rọ̀. Ó pẹ́ kó tó pè.

"Mo ti délé. Òjò lé mi wọlé ni."

"Ṣé o kọ orin?"

"Mo sáré ni, bàbá mi. Màá kọ ọ́ lọ́la."

Lẹ́yìn ohùn rẹ̀ mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Gúdú, gúdú, gúdú, bó ṣe máa ń dún lórí ìdúró.

"Lọ pa ọkọ̀ náà."

"Mo ti pa á. Kọ́kọ́rọ́ rèé lọ́wọ́ mi." Mo gbọ́ tó mì ín.

"Yọjú lójú fèrèsé."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Mo gbọ́ tó fa aṣọ fèrèsé.

"Ó wà níbẹ̀. Iná rẹ̀ ti kú. Àmọ́ ó ń rú èéfín."

"Má jáde."

"Ta ló fẹ́ jáde?"

Nígbà náà ni orin náà bẹ̀rẹ̀. Ohùn obìnrin ni, kò ga. Ó kọ ẹsẹ àkọ́kọ́ tán. Ó kan "a ti délé". Mo retí kó dákẹ́ níbẹ̀.

Kò dákẹ́. Ó mí díẹ̀, ó sì bọ́ sí ẹsẹ kejì.

N kò gbọ́ ọ rí láyé mi. N kò ní kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ síbí.

Mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má kọ ìyẹn. Dákẹ́."

"Èmi kọ́." Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti ń gbọ́ ọ. Bàbá mi, ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

Nílé ìdáná, lẹ́yìn mi, omi ti ń hó. Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti kú, n kò gbé omi kaná rí.