Ogún Ọdún Ilẹ̀ Neville

Akàn ló mú wa pàdé. Mò ń bá bàbá mi ta akàn ní èbúté Bridlington nígbà tí àgbẹ̀ kan ra ẹyọ kan lọ́wọ́ mi. Ó ń yí i síwá sẹ́yìn, ojú ń tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀?"

"Níbo lẹ ti wá, ẹ̀gbọ́n?"

"Skipsea."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Òkun ń jẹ ilẹ̀ yín lójoojúmọ́, ẹ̀yin ò wá mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ohun inú rẹ̀! Ẹ gbẹ̀san jàre."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Neville lorúkọ rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ìfẹ́ rẹ̀ ti kó sí mi lórí.

Nígbà tó ní òun máa fẹ́ mi, bàbá mi lọ wo oko wọn. Kò wo màlúù, kò wo ilé. Bèbè ibi tí ilẹ̀ ti ń ya sínú òkun ló lọ dúró sí, ó wá ń ka ìṣísẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ìṣísẹ̀ méjì lòkun ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ́dún.

"Ogójì ìṣísẹ̀," ó sọ fún mi nílé. "Ogún ọdún nìyẹn. Lorna ọmọ mi, ogún ọdún pẹ̀lú ọkùnrin rere ò kéré o. Tó o bá fẹ́ràn rẹ̀, fẹ́ ẹ."

Ohun tí bàbá mi sọ nìyẹn, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò fẹ́ di arúgbó nínú ilé tó ń wó. Ṣé mo wá lè wojú Neville kí n sọ bẹ́ẹ̀? Ojo paraku ni mí. Mo fi bàbá mi bojú.

"Bàbá mi kọ̀," mo ní.

"Ṣé ó kọ̀ pátápátá ni?"

"Pátápátá."

Kò bá mi jà. Ó kàn lọ. Mo fẹ́ tíṣà kan ní Hull. Èèyàn dáadáa ni títí tó fi kú, àmọ́ kì í ṣe Neville.

Lọ́dún tó kọjá ni mo gbọ́ pé òkun ti dé ẹnu ọ̀nà Neville, wọ́n sì ní kó kó jáde. Òkun ò yára tó bí bàbá mi ṣe rò: ọdún méjìdínlógójì ni ilé yẹn tún fi dúró. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a. Ó ń kó àga sínú ọkọ̀, orí rẹ̀ ti funfun. Mo tún aṣọ mi ṣe bí ọmọge.

"Lorna! O pẹ́ díẹ̀ o." Ó bu tíì fún mi.

"Ṣé o ò fẹ́yàwó ni?"

"Bàbá ta ni yóò gbà?" Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn.

"Neville, bàbá mi ò kọ̀. Ó ní kí n fẹ́ ọ. Èmi ni mo purọ́. Ẹ̀rù ló bà mí."

Ó gbé ife sílẹ̀.

"Mi ò lọ síbi ìsìnkú bàbá rẹ. Mo ní kò sóhun tó kàn mí."

"Dákun, foríjì mí. Jẹ́ ká jọ máa lọ sílé mi. Yàrá wà."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Lorna, mi ò fẹ́ràn oko yìí rí. Ká ní o sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà ọ́, ǹ bá ti wá bá ọ ní èbúté lọ́jọ́ kejì."

Ó ní àbúrò òun ń retí òun ní York. Ó dúpẹ́ pé mo wá, ó wọ ọkọ̀, ó sì lọ.